Ìsinmi Tí Ilé Wa Di Òkè Àdúrà

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Òkè tí bàbá mi kọ́lé wa sí lẹ́yìn Mówè kì í ṣe òkè tí ará Ìdànrè máa rí tí kò ní rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ ló gorí ara wọn, koríko hù bò wọ́n, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ru kẹ́ẹ̀gì omi láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa rí kò ní bá yín jiyàn pé òkè gidi ni. Bàbá mi máa ń sọ pé torí atẹ́gùn lòun ṣe ra ilẹ̀ síbẹ̀. Atẹ́gùn kẹ̀! Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni, torí kò sí mọ́tò tó lè gùn ún nígbà òjò, ó sì dá mi lójú pé àwọn tó tà á fún un rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé Lotto. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe sítókípà ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà. Òun ló ń ṣọ́ fúláwà àti ṣúgà, òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ dání, ẹni tó bá fẹ́ gba ohunkóhun ní sítọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i dáadáa. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn ọ̀gá rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé. Ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé wa gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló dé, ó gbé àpò kan dání àti kóòtù funfun méjì tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí àwa ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ìsinmi lòun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú àwa ọmọ nìkan ló dùn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi Wálé sì jẹ́ mẹ́tàlá. Páànù kan wà lórí yàrá Màmá Àgbà tí ìṣó rẹ̀ ti yọ. Òun ló máa ń jí wa, pàkà, pàkà, pàkà, bí atẹ́gùn bá ti dé. Màmá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìfọ̀ ni wọ́n ti mú un wá, ìmàle ni, kò sì torí pé ọmọ rẹ̀ di oníṣọ́ọ̀ṣì yí padà. Láàárọ̀ kùtù, a óò máa gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ ní yàrá, a óò sì máa gbọ́ bàbá mi ní pálọ̀ tó ń pàtẹ́wọ́ tó ń ké halelúyà. Bí ọ̀kan bá gbóhùn sókè, èkejì á gbé tirẹ̀ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi àti Wálé á dùbúlẹ̀ sáàárín, a óò máa retí ẹni tí Ọlọ́run máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Nígbà tó bá yá, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí télọ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń bọ́ gbogbo wa látìgbà tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ bàbá mi. Omi ni iṣẹ́ tiwa. Kànga Bàbá Sùlé, ọlọ́kadà tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè, la ti ń pọn ọ́n, ìrìn mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà la óò sá bátìrì rédíò Màmá Àgbà sóòrùn kó lè tún gbé rédíò náà dalẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán wa ni àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn, nítorí àsìkò àgbàdo ni. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi á dín ẹja ṣàwá, a óò fi jẹ ẹ̀bà. Bí mo bá ń rántí ilé yẹn lónìí, òórùn ẹja yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú.

Pátákó ló bà wá jẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí wa láti Àkútè fẹ́ wá kí bàbá mi pé ó kú ìsinmi, wọ́n wá ilé wa tì, wọ́n padà sílé tìbínú-tìbínú. Bàbá mi ní ó tó, ilé òun gbọ́dọ̀ ní orúkọ, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ wà lójú títì. Ó ní Òkè Ìtùnú ni yóò máa jẹ́. Màmá Àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúnkún mi ti ń gun òkè yìí láti ọdún tó kọjá, kò tíì rí ìtùnú kankan." Bàbá mi lọ bá akọ̀wé pátákó kan ní Ìbàfò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ agbègbè wa, ẹ mọ̀ pé kò sí ìyànà tí kò ní pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé àdúrà, òun sì ni iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ó kọ ÒKÈ ÌTÙNÚ gàdàgbà, ó ya ọfà tó tọ́ka sókè, ó ya àdàbà funfun sí igun kan, ó ya iná sí igun kejì, ó wá rí i pé àyè ṣẹ́kù nísàlẹ̀, ó bá kọ ọ́ sí i pé: Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bàbá mi rí i. Ó ní ó rẹwà. Òun àti Wálé rì í mọ́lẹ̀ ní oríta lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi bi í pé kí ni àdàbà ń wá lára pátákó ilé ẹni, ó ní ọ̀ṣọ́ ni.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé tó tẹ̀ lé e, mo ń bọ̀ láti kànga nígbà tí mo rí bàtà obìnrin kan nísàlẹ̀ òkè, tí wọ́n tò jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí mo gòkè, ẹni tó ni bàtà náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní iwájú ilé wa, ó gbé ìgò òróró dání. Bàbá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kóòtù funfun ló wọ̀, nítorí gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló wà lórí okùn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pé ẹ̀mí kankan ló ní kó wọ̀ ọ́. Obìnrin náà ní, "Bàbá, mo ti ń wá yín. Ọkọ mi ti lọ láti oṣù mẹ́jọ. Ẹ gbàdúrà fún mi." Bàbá mi ní, "Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, èmi kì í ṣe..." Ó dákẹ́. Mo rí i nígbà tó dákẹ́. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ náà, ó sì dà bíi pé ó rántí nǹkan kan tó ti sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ó tún un sọ, ó ní, "Èmi kì í ṣe ẹni tó ń pẹ́ níbi àdúrà. Kí ni orúkọ ọkọ yín?" Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà ṣe àmín tó mi páànù tìtì. Ọkọ rẹ̀ tún wá padà dé lọ́jọ́ kẹta, ebi ló lé e wálé gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe sọ, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ ti ìyá mi?

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bàtà nísàlẹ̀ òkè ti tó ogún. Bàbá Sùlé fi ọkadà rẹ̀ tẹ méjì nínú wọn, ó gòkè wá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún Ọlọ́run yín pé kó máa gba bàtà wọlé." Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ rárá, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń pe gbogbo ènìyàn ní ọmọ mi, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Ìyá mi ti tú orúkọ iléeṣẹ́ kúrò lápò kóòtù náà kí nǹkan má baà di ẹ̀sín, ó sì ń pè é ní Wòlíì Sítọ́ọ̀ bí a bá ku àwa nìkan. Àdúrà rẹ̀ gan-an, àdúrà sítókípà ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ríran, nítorí náà ó máa ń béèrè nǹkan tí ẹ̀dùn ọkàn náà jẹ́, iye rẹ̀, ìgbà tó dé, ibi tí wọ́n gbé e sí, ó wá ní kó jáde. Àwọn ènìyàn ní irú wòlíì tó ń fara balẹ̀ báyìí, àwọn ò rí i rí. Màmá Àgbà máa ń jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ìdáná, á wo ọmọ rẹ̀ nínú kóòtù funfun, á ní, "Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà," á sì máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Àwa ni ìyà náà jẹ. Omi di ìrìn mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, nítorí àwọn tó ń gbààwẹ̀ máa ń fẹ́ wẹ̀, wọ́n sì máa ń mu omi bí ààwẹ̀ bá tú bí ẹni pé kò sí omi nílé wọn. Bàbá mi ní kí ìyá mi má dín ẹja mọ́ kí ààwẹ̀ tó tú, òórùn rẹ̀ ń kó ìdàrúdàpọ̀ bá àwọn ènìyàn. Ó wá tún ní kó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró bí àdúrà bá ń lọ lọ́wọ́. Ìyá mi bọ́ okùn ìwọ̀n tó fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn, ó ní, "Bàbá Wálé, ẹ̀rọ yìí ló ra gàrí tí ẹ jẹ láàárọ̀. Ẹ lọ sọ fún Ẹ̀mí pé kó fara dà á." Bàbá mi ní, "Ṣé mo gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?" Òótọ́ ni, kò gba kọ́bọ̀. Ìkúnlẹ̀ wọn ló ń gbà. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé èmi mọ́ lọ́wọ́ o. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ wòlíì, wọ́n ń fún mi ní búrẹ́dì, mo sì ń gbé orí sókè níwájú àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ òkè bíi pé èmi ni mo mú ọkọ obìnrin yẹn padà wálé. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, tí èmi náà ti mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n ní kéèyàn máa lọ sílé, mo mọ ohun tó ń ṣe bàbá mi. Kò sí ẹni tó ń kí i mọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ni, mi ò ní ó dáa.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́sàn-án, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àwọn bíi mọ́kànlá ló jókòó lábẹ́ tapólì tí bàbá mi ta sí iwájú ilé. Obìnrin kan gòkè wá láti Òkè-Àró. Ìyá Dámi ló pe ara rẹ̀. Ó pọn ọmọkùnrin bí ọmọ ọdún mẹ́ta kan sẹ́yìn, orí ọmọ náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sí èjìká rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin rèé tí ara ọmọ ti ń gbóná, ọjọ́ mẹ́ta rèé tí òun ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó ní òun kọjá ọsibítù méjì lọ́nà. "Mo ní mi ò ní yà," ó sọ ọ́ bí ẹni tó retí kí wọ́n yìn ín, "ibi tí Ọlọ́run wà ni mò ń lọ." Gbogbo wọn sì yìn ín lóòótọ́. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà, ó sì yára gbé e kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò lórí iná. Èmi ló gbé omi dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i. Mo retí kó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọrin."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ìyá mi jáde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó sì di apá bàbá mi mú wọ inú ilé. Mo tẹ̀ lé wọn, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Bàbá Wálé, ọmọ yìí ń kú lọ. Ẹ ní kó gbé e lọ sí ọsibítù."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń kọrin?"

"Bí mo bá ní kó lọ sí ọsibítù, gbogbo wọn á bi mí pé kí ni mo wá ń ṣe níbí."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ìyá mi fi í sílẹ̀, ó jáde lọ bá obìnrin náà, ó kúnlẹ̀ tì í, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé ibà ni, ibà ti ń wọ ọmọ lórí, kó dìde kí àwọn jọ lọ. Ìyá Dámi tú ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn, ó dì í mọ́ àyà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ má dènà iṣẹ́ ìyanu mi." Ìyá mi dìde, ohùn rẹ̀ sì dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ ìyanu wo? Sítókípà lọkùnrin yìí! Fúláwà ló ń ṣọ́! Ilé wa lẹ wà yìí, kì í ṣe òkè àdúrà, akọ̀wé pátákó ló kó bá wa!" Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó máa ń jókòó níwájú bá mi orí, ó ní ṣé ẹ ò rí nǹkan, Sátánì ti fẹ́ gba inú aya wòlíì wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá mi wí lójú ara rẹ̀, nínú ọgbà ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti gan. Ojú rẹ̀ yí sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbọnrangandan, ìfófòó jáde lẹ́nu rẹ̀. Gìrì ti mú un.

Màmá Àgbà ké láti ìdáná pé, "Ẹ gbé e! Ẹ gbé ọmọ!" Ìyá mi fẹ́ já a gbà, Ìyá Dámi di ọmọ náà mú pinpin, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé òun ò ní gbéra, àfi bí Bàbá bá sọ ọ́ lẹ́nu. Ni gbogbo ojú bá yí sí bàbá mi. Wálé ti bẹ́ sílẹ̀ láti orí òkúta kan tó jókòó lé, ó ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ pe Bàbá Sùlé pé kó gbé ọkadà jáde. Ìyá mi dúró síwájú ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ kó pè é ní ìwọ rí, àfi ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ìwọ nìkan ló máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún un. Sọ fún un pé o kì í ṣe wòlíì."

Bàbá mi la ẹnu. Ó wo ọmọ náà, ó wo àwọn ènìyàn lábẹ́ tapólì, ó wo onírùngbọ̀n. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé, Dádì, ẹ sọ ọ́, ẹ dákun ẹ sọ ọ́. Ó di ojú, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè nínú kóòtù funfun.

Ó ní, "Ẹ̀mí ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Ẹ̀mí ní kíákíá. Ẹ̀mí ní kí wọ́n má tilẹ̀ dúró wọ bàtà."

"Àmín!" Àmín náà ró bí ìbọn. Kí n tó ṣẹ́jú, Ìyá Dámi ti fò sókè, ó ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ ju ìyá mi lọ, ìyá mi sì ń sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, gèlè rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Láti òkè la ti gbọ́ bí ọkadà Bàbá Sùlé ṣe dún, tó gbé wọn gba ọ̀nà Lotto lọ. Inú mi dùn pé wọ́n lọ, inú sì bí mi sí bàbá mi débi pé mo da omi tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ síwájú rẹ̀, mo lọ jókòó ti Màmá Àgbà. Ìyàlẹ́nu ni pé bàbá mi ò bá mi wí. Ó ní kí àwọn ènìyàn máa lọ sílé. Ó bọ́ kóòtù, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìdáná bí ọmọdé. Màmá Àgbà bi í pé, "Ṣé o wá bẹ̀rù wọn ju ikú ọmọ ọlọ́mọ lọ ni?" Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí, Màmá." Ìrọ̀lẹ́ lọ títí, kò sẹ́ni tó se oúnjẹ. Nígbà tí ìyá mi gòkè wá, ẹrẹ̀ ti gbẹ sí i lẹ́sẹ̀, ó ní wọ́n ti fún ọmọ lábẹ́rẹ́, wọ́n ti fi omi sí i lára, ó ti mọ ìyá rẹ̀. Dókítà ní bí wọ́n bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ. Bàbá mi ní, "Ọpẹ́ o." Ìyá mi bu omi sínú ike, ó lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Ìyá Dámi padà wá. Ọmọ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó ń ju òkúta sí ewúrẹ́ Bàbá Sùlé, ara rẹ̀ ti le. Ìyá rẹ̀ gbé àkùkọ pupa gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan wá. Ìyá mi lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín. Obìnrin náà sì nà án ní àkùkọ, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi di èyí mú," kí ọwọ́ òun lè ṣófo, kí òun lè kúnlẹ̀ dáadáa fún bàbá mi. Ó kúnlẹ̀. Ó jẹ́rìí. Ó ní wòlíì tó kù á ní kéèyàn má lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ti Bàbá wa yàtọ̀, Bàbá wa ríran dé ọsibítù. Ìyá mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, àkùkọ ń gbọn ìyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi gbójú sókè, ojú òun àti ti ìyá mi ṣe mẹ́rin. Ó láǹfààní láti sọ ọ́ nígbà yẹn, ọmọ ò kú mọ́, kò sí ẹni tí òtítọ́ máa pa lára àfi òun nìkan. Ó ní, "Ẹ fi ògo fún Ọlọ́run."

Ìyá mi pa àkùkọ náà, ó tu ìyẹ́ rẹ̀, ó fi ata rodo àti ẹ̀fínrín sè é, òórùn rẹ̀ gba gbogbo òkè kan. Lálẹ́, gbogbo wa jókòó yí oúnjẹ ká. Ó bu itan kan fún Wálé, ìkejì fún mi, ó bu àyà fún Màmá Àgbà nítorí eyín rẹ̀. Ó gbé abọ́ bàbá mi síwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n máa ń sọ fún nílé wa pé bàbá ló ni iwe. Bí wọ́n bá ti pa adìẹ, kódà àwa ọmọ kì í wò ó. Bàbá mi fi ṣíbí tú abọ́ rẹ̀. Ọrùn ló bá níbẹ̀, ọrùn àti ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó tún un tú. Ó gbójú sókè, ó rí ìyá mi tó ń jẹ nǹkan kan lẹ́nu, tó ń rún un jẹ́jẹ́, kò kánjú rárá.

Ó ní, "Ìyá Wálé, iwe dà?"

Ìyá mi gbé e mì kó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀mí ní kí n jẹ ẹ́."

Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Bàbá mi wo ọrùn àkùkọ tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àmín."